Ọwọ́ Tó Di Ẹ̀gbà Mú

Aago kan ọ̀sán kò tíì lù nígbà tí fáìlì Ẹnjiníà Fadérera Látẹjú yọ lójú dígí tábìlì mi, àtìgbà náà ni ìdí mi kò ti gba àga mọ́. Mo dìde, mo jókòó. Mo tún dìde, mo lọ sídìí fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ wo ojú ọjọ́. Òjò ti ṣú bo òkè níhà ibi tí Ògiri tó sé odò wà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan kò tíì kán sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, fáìlì náà ṣì wà níbẹ̀, ó pupa. Fáìlì aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tí a fẹ́ fún ní ẹ̀gbà. Pupa ni ti ẹni tí a fẹ́ pa ẹ̀gbà rẹ̀.

Ilé-Iṣẹ́ Ìfọkàntán ni wọ́n ń pe ibi tí mo ti ń jẹun. Orúkọ ńlá. Àwa olùwádìí ibẹ̀ la máa ń yẹ ayé ènìyàn wò, kí a tó sọ pé ìjọba lè fọkàn tán an, kí iná ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ lè tàn, kí ilẹ̀kùn lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ náà, Arínúróde ni wọ́n sọ ọ́. Títí ìyá ọkọ mi fi kú, wọn kò pe ẹ̀rọ yẹn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní Ẹnì kan ṣoṣo làwọn mọ̀ tó ń jẹ́ Arínúróde, Ẹni náà kì í sì í lo iná mànàmáná.

Láràárọ̀, kí ẹ̀rọ yìí tó gbà wá láyè, a óò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé dígí rẹ̀, yóò béèrè pé, "Ọwọ́ rẹ mọ́ bí?" A óò ní, "Ọwọ́ mi mọ́." Tí a bá tún fẹ́ fi òǹtẹ̀ lu fáìlì, yóò tún béèrè. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń dá a lóhùn, mo lè dá a lóhùn lójú oorun. Mo ti fi ẹnu tó kún fún àkàrà dá a lóhùn rí.

"Ìbíwùmí, o ti rí i?"

Ọ̀gá mi nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọkùnrin kúkurú kan tí kì í pariwo. Ẹ̀pà sísun ló máa ń jẹ láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Á fi ìka méjì ra á, á fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, orí tábìlì ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ lèèpo náà sì máa ń bà sí.

"Mo ti rí i, sà."

"Kí aago mẹ́rin tó lù, kí ẹ̀gbà rẹ̀ ti kú. Òkè ló sọ bẹ́ẹ̀."

Tí Ọ̀gá bá ti pe Òkè, kì í ṣe Ọlọ́run ló ń wí. Alákòóso ìlú ló ń wí.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀, sà?"

"Ìwọ ni olùwádìí. Ṣèwádìí."

"Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ orí rédíò yẹn ni?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀pà. "Rédíò wo? Ta ló dárúkọ rédíò níbí? Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú là ń sọ."

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ rédíò náà. Ẹnjiníà Fadérera ni àgbà gbogbo àwọn tó ń tọ́jú Ògiri tí wọ́n fi sé odò Ẹ̀sàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sílé rédíò, ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé tọmọdé tàgbà. Ó ní Ògiri ti sán níbi méjì lápá ìsàlẹ̀. Ó ní omi ẹ̀yìn rẹ̀ ti kọjá àmì, ó yẹ kí wọ́n ti máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí adágún kún títí di Sátidé, kí ọkọ̀ ojú omi Alákòóso lè rí ibi yan, torí àjọyọ̀ ọdún kẹwàá lórí oyè. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí omi náà wà bẹ́ẹ̀ kí òjò ńlá kan tún bọ́ lé e lórí, kó wá sun Ìsàlẹ̀-Ẹ̀sàn mọ́jú pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀, kó wò ó bí oorun yóò kùn ún. Ó wá ní òun ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin fún òun láṣẹ, aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì lòun yóò ṣí ẹnu ọ̀nà omi, kí gbogbo apẹja kúrò lódò tí wọ́n bá ti gbọ́ fèrè Ògiri lẹ́ẹ̀mẹta.

Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbà méjì péré ló sì lè ṣí yàrá tí wọ́n ti ń ṣí ẹnu ọ̀nà omi. Ọ̀kan ni ti Ẹnjiníà Fadérera. Èkejì ni ti igbákejì rẹ̀, tó kọ lẹ́tà nípa Ògiri tó sán. Ẹ̀gbà tirẹ̀ ti kú lóṣù tó kọjá.

"Sà," mo ní, "ilé wọn ni mo ti lọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n."

"A mọ̀." Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà sórí ìwé mi. "Òfin ní kí ẹni tó bá ènìyàn tan lẹ́jẹ̀ má ṣèwádìí rẹ̀. Kò sọ ti àna. A dìídì gbé e fún ọ ni. Tó bá ti ọwọ́ ìyàwó ilé wọn jáde, ta ni yóò lanu pé òṣèlú ni?"

Ẹni a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ìlú là ń dáàbò bò.

Mo jókòó, mo tú ayé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi palẹ̀.

Nílé, n kì í dárúkọ wọn. Ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ, gbogbo ẹni tí ìyàwó bá sì bá nílé, ìbáà jẹ́ obìnrin, ọkọ rẹ̀ ni. Eyínfúnjowó ni mo sọ wọ́n lọ́sẹ̀ tí mo wọlé, torí ẹ̀rín wọn. Arínúróde kò mọ Eyínfúnjowó. Fadérera Látẹjú ló kó jáde fún mi: ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà kọjá, oògùn tí wọ́n lò, àwọn tí wọ́n bọ̀ lọ́wọ́, bí ọkàn wọn ṣe ń lù nígbà tí Alákòóso ń sọ̀rọ̀ ọdún tuntun. Ó ń lù bí ọkàn ẹni tó ń sùn, ìyẹn ò sì tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Mo wá títí, n kò rí nǹkan. Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá yá abẹ́rẹ́, á dá a padà pẹ̀lú òwú nínú rẹ̀.

Mo ti fẹ́ mí kanlẹ̀. Mo ti ń ro bí n óò ṣe lọ bá Ọ̀gá pé kò sí nǹkan kan, nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fa ìlà kan síwájú mi.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì. Ẹ̀gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó wà ní ọwọ́ mìíràn.

Mo mọ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ tí a wẹ òkú ìyá ọkọ mi ni.

Nílé Látẹjú, ẹni tó bá máa wẹ òkú kì í ní ohunkóhun lọ́rùn ọwọ́, ìbáà ṣe òwú. Àgbà ọmọbìnrin ló sì ń wẹ ìyá. Eyínfúnjowó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n tú gèlè, wọ́n bọ́ aago, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n bọ́ ẹ̀gbà. Òfin ìjọba ní ẹ̀gbà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ àfi tí ẹni tó ni ín bá kú. Ta ló ń rántí òfin ìjọba níwájú òkú ìyá rẹ̀? Nínú ilé kan náà, wọn kì í gbé nǹkan alààyè sílẹ̀ níbi tí òkú bá wà. Ìyàwó tó kéré jù ló ń bá wọn dì í mú, èmi sì ni ìyàwó tó kéré jù. Mo gbé gèlè kọ́ èjìká, mo ti aago àti awò bọ àpò. Garawa omi gbígbóná ń dúró dè mí, mo bá ti ẹ̀gbà wọn bọ ọwọ́, lórí tèmi. Bí mo ṣe ń gbé omi lọ tí mò ń gbé omi bọ̀ ni méjèèjì ń kan ara wọn, ṣín, ṣín. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí agboolé kan nílùú yìí tí wọn kì í ṣe irú rẹ̀.

Lábẹ́ ìlà náà ni ẹ̀rọ ti béèrè: Ṣé kí n wá ẹni tó ni ọwọ́ náà?

"Má wá a," ohùn kan sọ lẹ́yìn mi.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ti tẹ̀ síwájú, ó ń yọjú léjìká mi. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó gbàgbé láti fẹ́ èèpo, ó jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀pà.

"Kọ ọ́ pé ẹnì kan tí a kò mọ̀. Ẹni tí a kò mọ̀ wúlò ju ẹni tí a mọ̀ lọ. Ẹni tí a mọ̀ lè jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a kò mọ̀, amí ni."

"Sà, ó lè ní ìdí kan tí..."

"Ìdí tí a ń wá nìyẹn. Kọ ọ́."

Kò mọ̀. Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ayọ̀ ni. Kò mọ̀ pé ọwọ́ tèmi ni! Tí mo bá kọ ohun tó ní kí n kọ, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtìjú wá bá mi, ó sì jókòó tì mí.

Mo rántí Akínwándé. Tábìlì tó kángun sí tèmi ló wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àṣírí tú pé ó yá àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀gbà kó lè rí ilé ìwòsàn wọ̀. Òfin wa ní tí ọwọ́ olùwádìí kò bá mọ́, ẹ̀gbà rẹ̀ yóò kú lójú ẹsẹ̀, gbogbo fáìlì tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ yóò sì tì pa fún ọjọ́ méje gbáko kó tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Fáìlì mẹ́rìnlá ló há lọ́jọ́ yẹn, Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Akínwándé ńkọ́? Mo rí i lẹ́yìn oṣù méjì níwájú ilé ìwòsàn kan náà, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání, ó ń bẹ àwọn tó ń kọjá pé kí ẹnì kan jọ̀ọ́ bá òun ṣílẹ̀kùn. Ó pe orúkọ mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo ń yára lọ. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fi í sílẹ̀.

Mo kọ ọ́. Ẹnì kan tí a kò mọ̀. Mo ṣì í kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ìbéèrè kan. Òfin ní a gbọ́dọ̀ bi ẹni tí a fẹ́ pa ẹ̀gbà rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ìdáhùn rẹ̀ wọnú ìwé. Mo pe Ẹnjiníà Fadérera. Aago mẹ́ta ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ojú wọn yọ lára dígí. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, lójú ọ̀nà Ògiri, akoto iṣẹ́ wà lórí wọn, atẹ́gùn ń hu lẹ́yìn wọn bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

"Ẹnjiníà Fadérera Látẹjú, Ilé-Iṣẹ́ Ìfọkàntán ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Háà." Wọ́n wò mí. "Ìyàwó wa. Ìwọ ni wọ́n rán?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni."

"Ó dáa. Bi mí."

"Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kejì, ẹ̀gbà yín kúrò lọ́wọ́ yín fún wákàtí mẹ́ta ó lé. Ta ló bá yín dì í mú?"

Mo rí i tí ojú wọn kúrò lára mi, tó lọ sí èjìká mi, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ti ń jẹ ẹ̀pà, tó tún padà sára mi. Gbogbo rẹ̀ yé wọn. Mo mọ̀ pé ó yé wọn. Tí wọ́n bá dárúkọ mi báyìí, tí wọ́n ní ìyá àwọn làwọn ń wẹ̀, ìyàwó ilé àwọn ló bá àwọn dì í, kò ní sí amí kankan mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni yóò kù, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ fún kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn wọn láago mẹ́rin. Ẹ̀gbà tèmi nìkan ni yóò kú. Mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

"Mi ò rántí," ni wọ́n wí.

"Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́..." Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Mo ní mi ò rántí. Ìyá mi ló kú. Ẹni tó bá ti sìnkú ìyá rẹ̀ rí, á mọ bí ojú ṣe ń rí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀." Wọ́n yíjú wo òkè láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Òjò yìí ò ní pẹ́ mọ́. Ẹ bá mi wí fún àwọn ará ìsàlẹ̀ kí wọ́n kó ọmọ wọn gòkè, tí ẹ bá ti ṣe tiyín tán." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, eyín wọn hàn. "Ìyàwó wa, o rù. Ṣé o ti jẹun?"

Dígí náà ṣókùnkùn.

"Ó parí," Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Lu òǹtẹ̀, ká máa lọ sílé kí òjò tó ká wa mọ́."

Mo dìde. Mo lọ sídìí fèrèsé, mo padà. Ó ní kí ló dé, mo ní ẹsẹ̀ ló ń pa mí. Nísàlẹ̀, láàrin ìlú, wọ́n ti ń so àsíá àjọyọ̀ kọ́, atẹ́gùn ń já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́nà jíjìn mo rí òrùlé Ìsàlẹ̀-Ẹ̀sàn, òrùlé páànù àti òrùlé tí wọ́n fi tapólì bò, àwọn tí kò ní ẹ̀gbà kankan tó lè ṣílẹ̀kùn gidi kan fún wọn. Wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn.

N kò fẹ́ di akọni. Akọni kì í pẹ́ láyé, ìyàwó kékeré ni mí, mo ṣì fẹ́ pẹ́. Mo ro ilẹ̀kùn ilé wa, bí ọkọ mi yóò ṣe máa wá ṣí i fún mi bí ọmọ jẹ́léósinmi. Mo ro bọ́ọ̀sì. Mo ro ilé ìwòsàn. Mo ro bí àwọn ojúlùmọ̀ mi yóò ṣe máa yára kọjá tí mo bá pe orúkọ wọn, mo sì mọ ìrìn náà dáadáa, torí mo ti rìn ín rí. Gbogbo ìyẹn, mo rò pé mo lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n gbé Ògiri sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí n wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n rí nǹkan wọ̀n kì í ṣe Ògiri. Oúnjẹ ni. Obìnrin tí mo fẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́, ó ń béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo jókòó. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé dígí, ó tutù.

"Ìbíwùmí Látẹjú," Arínúróde wí, "ọwọ́ rẹ mọ́ bí?"

"Rárá."

N kò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ fún ẹ̀rọ náà rí. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí eyín Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé fọ́ ẹ̀pà kan.

"Tún un sọ," ẹ̀rọ wí.

"Ọwọ́ mi kò mọ́. Wá ẹni tó ni ọwọ́ ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì."

Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán mi ló yọ lára dígí, pẹ̀lú gèlè ẹlòmíràn léjìká, garawa lọ́wọ́, ẹ̀gbà méjì lọ́rùn ọwọ́ kan. Ojú mi wú fún ẹkún. N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ wọn wà lójúde ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ibo ni kò sí?

"Pa á!" Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé pariwo, ọkùnrin tí kì í pariwo. Ẹ̀pà dà sílẹ̀. "Ìbíwùmí, pa á! Sọ fún un pé o ṣì í sọ ni!"

"Kò ṣeé pa, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣe é kó má ṣeé pa. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má lè bẹ̀ ẹ́."

Ó na ọwọ́ sí dígí, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Fáìlì pupa náà ká ara rẹ̀ jọ lójú wa, ó di ìlà tín-ín-rín kan, nọ́ńbà kan sì jókòó lé e lórí: méje. Ọjọ́ méje tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi òǹtẹ̀ lù ú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí iná ẹ̀gbà ọwọ́ mi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ó kú. Kò dún, kò gbóná, kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn di irin.

"O mọ ohun tí o ṣe?" Ó jókòó lórí àga Akínwándé, òógùn bò ó. Ojú rẹ̀ kò burú mọ́, ẹ̀rù ló kù níbẹ̀. "Kí ni kí n wí fún Òkè? Ní ọjọ́ kẹjọ a óò tún ṣí fáìlì rẹ̀, adájọ́ wa la ó gbé e fún. Kí lo wá rí gbà níbẹ̀?"

"Ní ọjọ́ kẹjọ, sà, òjò ti dá."

Mo mú báàgì mi. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ilẹ̀kùn yàrá wa kò ṣí fún mi, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń nulẹ̀ ń wọlé bọ̀ lásìkò náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sún fún mi bí ẹni tó ń sún fún òkú. Mo sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi ń yára ju ara mi lọ, títí mo fi dé ìdí ilẹ̀kùn irin tó kọjú sí ìta. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i, bí mo ti ń gbé e láti ọdún mẹ́sàn-án. Ilẹ̀kùn kò mọ̀ mí.

Mo dúró síbẹ̀. Kò sí àga, n kò sì lè fara tì. Mò ń rìn lọ mò ń rìn bọ̀ láàrin ògiri méjì. Bóyá ọkọ̀ Eyínfúnjowó ti bàjẹ́ lọ́nà. Bóyá Òkè ti rán ọlọ́pàá sí Ògiri, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bóyá mo ti pa ara mi lórí ọ̀fẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò tilẹ̀ kán kó tó rọ̀. Mo ka ìṣẹ́jú títí iye rẹ̀ fi dà rú mọ́ mi lórí.

Fèrè Ògiri dún.

Ó gùn, ó gba inú òjò kọjá, ó gba inú irin ilẹ̀kùn wá bá mi. Mo di ẹ̀gbà òkú náà mú. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́ pẹ́, ó pẹ́ jù, mo ní ó tán, ọlọ́pàá ti dá wọn dúró. Ó wá dún lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì fi orí ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí ọmọdé. Eyínfúnjowó ti wọlé.

Nígbà tí mo nu ojú mi tán, mo rántí Bàbá Ajúwọ̀n. Àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa ni, ìta gan-an ni àpótí ìjókòó rẹ̀ wà. Òfin kan tó ti gbó ló dá a dúró sẹ́nu iṣẹ́: ó ní kí ènìyàn kan máa ní kọ́kọ́rọ́ irin lọ́wọ́, bí iná bá kú. Láràárọ̀ ló máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ti ń ya fún wa. "Àgò dà?" ni yóò wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kò kágò mọ́. Ilẹ̀kùn mọ̀ yín, ẹ ò mọ onílé." A óò rẹ́rìn-ín, a óò kọjá. Ọdún mẹ́sàn-án, n kò dá a lóhùn rí.

Mo kan irin náà pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ mi, ìyẹn ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un.

"Àgò o!"

Òjò nìkan ni mo gbọ́. Mo mí, mo tún gbé ohùn sókè.

"Àgò onílé o!"

Àpótí kan dún nílẹ̀ níta, bí ìgbà tí ẹni tí eékún ń dùn bá dìde.

"Àgò yà o," Bàbá Ajúwọ̀n wí, mo sì gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wọlé.